Ìjà Ọ̀nà Ọkọ̀ Tí A Kò Gbọdọ̀ Parí

Kí n tó sọ bí Bàbá mi àti Bàbá Aago ṣe sọ ìjà di oúnjẹ àárọ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti Àǹtí Fèrè, nítorí orí wọn ni gbogbo rẹ̀ dá lé.

Àǹtí Fèrè ni ẹ̀gbọ́n Bàbá mi. Ọdún mẹ́rìndínlógójì gbáko ni wọ́n fi dúró ní oríta tó tóbi jù láàárín ìgboro, tí wọ́n ń fi ìbọ̀wọ́ funfun méjì àti fèrè kan darí ọkọ̀. Àwọn tó mọ̀ wọ́n nígbà náà ní tí wọ́n bá gbé ọwọ́ òsì sókè, ajá tó fẹ́ sọdá pàápàá á jókòó. Nígbà tó yá, iná olójú mẹ́ta dé sí oríta yẹn. Ọ̀gá ọ́fíìsì fún Àǹtí ní ìwé ìdúpẹ́ nínú férémù, ó ní kí wọ́n máa lọ sinmi.

Ìsinmi yẹn ló fẹ́ pa wọ́n. Wọn ò bímọ, ọkọ wọn sì ti di olóògbé tipẹ́, nítorí náà ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n kó ẹrù wá. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á jókòó sórí àga kan náà, wọ́n á kọjú sí ògiri, ọwọ́ wọn méjèèjì á sì wà lórí itan bí ọwọ́ tí wọ́n yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Búrẹ́dì tí Màmá mi bá gbé síwájú wọn láàárọ̀, ẹyẹ ẹ̀yìnkùlé ló ń jẹ ẹ́ lọ́sàn-án. Oṣù méjì kò pé tí aṣọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wà lára wọn bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Dókítà gbọ́ àyà wọn, ó gbọ́ ẹ̀yìn wọn, ó ní òun ò rí àrùn kankan. Ẹnu ọ̀nà ló ti sọ òdodo fún Bàbá mi.

"Màmá yìí ń lọ díẹ̀díẹ̀ ni," ó ní, "bí ẹni tí kò rí ohun tó ní kó dúró. Tí ẹ bá mọ ohun tó lè dá wọn dúró, ẹ tètè wá a o."

Bàbá mi dúró síbẹ̀ pẹ̀lú pẹ́ńsùlù létí. Káfíńtà ni wọ́n. Wọ́n lè tún tábìlì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán ṣe, kí ẹ má mọ ojú ibi tó ti kán. Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ṣí àpótí irinṣẹ́ wọn, wọ́n wo inú rẹ̀ títí, wọ́n tún pa á dé.

Ibi tí a bá ọ̀rọ̀ dé nìyẹn nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀.

Ilé wa àti ilé Bàbá Aago jọ ń lo ọ̀nà ọkọ̀ kan ṣoṣo ni. Ó ti ẹnu géètì gba àárín ògiri ilé méjèèjì kọjá dé ẹ̀yìnkùlé, níbi tí ọkọ̀ kálukú ń sùn sí. Bí ọkọ̀ kan bá ti wọ inú rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní láti fa ikùn mọ́ra kó sì dá èémí dúró. Aago ni Bàbá Aago ń tún ṣe nínú yàrá iwájú ilé wọn. Wọ́n ní jígí kékeré kan tí wọ́n ń há sójú ọ̀tún. Tí wọ́n bá gbàgbé láti yọ ọ́, ojú kan á tóbi ju èkejì lọ bí wọ́n bá ń kí ènìyàn, ọmọdé á sì sá.

Aago méje àárọ̀ ni Bàbá mi máa ń fi ọkọ̀ akẹ́rù wọn aláwọ̀ ewé kó pákó àti férémù lọ síbi iṣẹ́. Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta ni ọkọ̀ pupa Bàbá Aago máa ń wọlé, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lọ gbé ìyàwó wọn, nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru, ní ilé ìwòsàn. Ọdún mọ́kànlá ni ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn fi wà láàárín wọn bí ògiri, tí kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé ògiri ni. Àfi ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí imú ọkọ̀ méjèèjì pàdé láàárín ọ̀nà.

Mo wà lójú fèrèsé. Ilé ni mo ti ń kàwé, Màmá mi ni tíṣà mi, tábìlì mi sì kọjú sí ọ̀nà ọkọ̀ gan-an, nítorí náà kò sí ohun tí wọ́n sọ tí n kò gbọ́.

"Ẹ kú àárọ̀ o, Bàbá Aago. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra padà sẹ́yìn fún mi. Ẹrù ń bẹ lẹ́yìn mi."

"Ẹ kú àárọ̀, Káfíńtà. Aago méje ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta. Àkókò mi nìyí."

"Aago méje wo ló kọjá? Aago mi nìyí lọ́wọ́ mi, kò tíì lù!"

"Mo rí i láti ibí. Aláìsàn ni aago yẹn."

Háà. Aago tí bàbá tó bí Bàbá mi fi sílẹ̀ fún wọn! Bàbá mi yọ orí síta pátápátá. "Ẹ ò rí oníbàárà lánàá ni? Ìyẹn lẹ ṣe ń dá àìsàn lé aago olóògbé lórí?"

"Ẹ̀yin lẹ ń fi pákó di ọ̀nà."

"Pákó? Ṣé èmi lẹ ń pè ní pákó?"

Kò sẹ́ni tó pè wọ́n ní pákó. Ṣùgbọ́n bí ìjà bá ti ń wá ilé tó máa wọ̀, kì í béèrè ojú ọ̀nà. Ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n lò níbẹ̀. Ní gbogbo àkókò náà, ìyàwó Bàbá Aago ń sùn nínú ọkọ̀, ẹnu wọn là díẹ̀, wọn ò mọ̀ pé ogun wà.

Ní ọjọ́ kejì, Bàbá mi gbé téèpù jáde, wọ́n wọn ọ̀nà náà láti ògiri dé ògiri, wọ́n sì fi ẹfun fa ìlà gbọọrọ sí àárín gan-an.

"Ìdajì tiwa, ìdajì tiyín," wọ́n ní. "Kí kálukú máa gba tirẹ̀."

Bàbá Aago wo ìdajì tiwọn, wọ́n wo ọkọ̀ wọn. "Ṣé kí n la ọkọ̀ sí méjì ni?"

"Ìyẹn kù sọ́wọ́ yín. Ayùn wà nílé mi."

Bàbá Aago wọlé, wọ́n gbé aago ògiri ńlá kan jáde, wọ́n sì gbé e kọ́ sára ògiri ilé wọn kó lè kọjú sí ọ̀nà. Wọ́n ní àkókò ni wọ́n fi ń pín nǹkan láàárín ọmọlúàbí, kì í ṣe téèpù: wákàtí kan tiwa, wákàtí kan tiwọn, títí ilẹ̀ á fi ṣú.

"Tí mo bá wà láàárín ọ̀nà tí aago lù ńkọ́?"

"Ẹ ti wọ ilẹ̀ onílẹ̀ nìyẹn."

Ní ọjọ́ kẹta, ọkọ̀ méjèèjì tún pàdé. Bọ́ńpà gbá bọ́ńpà, kì í ṣe gbígbá tó le, bí ìgbà tí àgbò méjì ń kí ara wọn ni. Họ́ọ̀nù ń ké. Bàbá mi ní ojú Bàbá Aago rí bí aago tí ọwọ́ rẹ̀ ti já. Bàbá Aago ní orí Bàbá mi nìkan ni igi tí Bàbá mi ò tíì rẹ́ rí. Mo ti di etí, síbẹ̀ mo ń fi àlàfo ìka gbọ́.

Ìgbà yẹn ni fèrè dún.

Fííììììì!

Mi ò tíì gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ nínú ilé wa rí. Bàbá mi tẹ bíréèkì bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ ò rìn. Bàbá Aago gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ nǹkan. Àǹtí Fèrè ló dúró sórí ìlà ẹfun, pẹ̀lú aṣọ ìsùn, bàtà iṣẹ́ dúdú, àti ìbọ̀wọ́ funfun méjì tó dé ìgúnpá.

"Ìwọ ọlọ́kọ̀ ewé! Pa ẹ́ńjìnnì! Ìwọ ọlọ́kọ̀ pupa! Mú ọwọ́ kúrò lórí họ́ọ̀nù, ọlọ́họ́ọ̀nù!"

"Ẹ̀gbọ́n mi," Bàbá mi bẹ̀rẹ̀.

"Èmi kì í ṣe ẹ̀gbọ́n ẹnikẹ́ni lójú títì. Ta ló kọ́kọ́ tẹ họ́ọ̀nù?"

Àwọn méjèèjì nawọ́ sí ara wọn. Àǹtí ò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún gbọọrọ, wọ́n yí ọwọ́ òsì bí ẹni ń fa omi nínú kànga, ọkọ̀ pupa sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí ó fi jáde ní géètì. Ọkọ̀ ewé kọjá. Ọkọ̀ pupa wọlé. Gbogbo rẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ìyàwó Bàbá Aago la ojú kan, wọ́n rí ìbọ̀wọ́ funfun, wọ́n rò pé dókítà ni, wọ́n ní "Ẹ kú iṣẹ́, sà," wọ́n sì padà sùn.

Àǹtí Fèrè wọlé, wọ́n bọ́ ìbọ̀wọ́ wọn, wọ́n jókòó sídìí tábìlì. Wọ́n jẹ búrẹ́dì mẹ́rin. Wọ́n jẹ ẹyin méjì. Wọ́n gbójú sókè.

"Ṣé kò sí bọ́tà nílé yìí ni?"

Màmá mi sáré kọjú sí ibi ìfọwọ́, wọ́n ṣí omi kó máa dà gbuu, kí a má bàa gbọ́ pé wọ́n ń sunkún.

Láti ọjọ́ yẹn lọ, aago mẹ́fà ààbọ̀ ni Àǹtí máa ń dé ibi iṣẹ́, ìyẹn ni pé wọ́n á jáde ní ilẹ̀kùn ìdáná, wọ́n á gbé ìṣísẹ̀ mẹ́jọ. Wọ́n ní kí Bàbá mi kan pátákó mẹ́ta: ọ̀kan ní DÚRÓ, ọ̀kan ní RỌRA, ìkẹta ní KÒ GBA IBÍ. Wọ́n gbé KÒ GBA IBÍ sí ẹnu géètì, ó wù wọ́n, wọ́n tún ní kí Bàbá mi kan òmíràn sí ẹ̀yìnkùlé. Ní odindi ọjọ́ Ajé kan, kò sí ọkọ̀ tó lè wọlé, kò sí èyí tó lè jáde, Àǹtí sì ní láti ìgbà tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, wọn ò rí oríta tó tòrò tó báyìí rí.

Èmi ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé. Wọ́n ní mo ti wà lójú fèrèsé tẹ́lẹ̀, mi ò sì ní fi ariwo dí wọn lọ́wọ́. Òótọ́ ni. Tí àlejò méjì bá jọ kí mi lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí ilẹ̀kùn ni mo ń wà títí wọ́n á fi lọ. Ṣùgbọ́n kíkọ kò ni mí lára. Ìwé ẹ̀sùn náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Bí ó ṣe rí nìyí:

"Ọlọ́kọ̀ ewé: táyà òsì kọjá ìlà. Ọlọ́kọ̀ pupa: ó ń wo aago ọwọ́ nígbà tó ń wakọ̀. Olùpín lẹ́tà: ó fi kẹ̀kẹ́ yí kọ́nà láìfi ọwọ́ hàn. Ìyàwó ọlọ́kọ̀ ewé: ó gbé àwo aṣọ fífọ̀ kọjá, kò dúró fún ọkọ̀ tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀. Ológbò ilé kejì: ó sùn sójú títì. Ìkìlọ̀ àkọ́kọ́."

Ìjìyà kan ṣoṣo ló wà. Àǹtí fi ẹfun yí òbìrí róbótó kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Ẹlẹ́ṣẹ̀ á dúró sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọwọ́ á wà lẹ́yìn, ojú á sì kọ títì kí àwọn tó ń kọjá lè rí i. Ológbò nìkan ni kò dúró tán.

Àǹtí wá ń sanra. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn padà wá láti ibi tó lọ. Wọ́n ń fi iyọ̀ sí ọ̀rọ̀. Wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi èjìká nìkan dá bọ́ọ̀sì dúró. Dókítà wá, ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí ẹnu géètì, ó wọ inú òbìrí lọ jìyà, ó sì fi ayọ̀ lọ sílé.

Ohun tí a ò rò tẹ́lẹ̀ ni pé òbìrí kan ṣoṣo ni, ẹlẹ́ṣẹ̀ méjì sì ni lójoojúmọ́.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, Bàbá mi àti Bàbá Aago gbójú kúrò lára ara wọn nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, òjò rọ̀, agbòòrùn kan ló wà. Ní ọjọ́ kẹta, mo gbọ́ ohùn wọn.

"Ilẹ̀kùn ilé yín yẹn ń ké," Bàbá mi wí, wọn ò yíjú.

"Láti ọdún tó kọjá ni."

"Híńjì ni. Màá wá wò ó."



"Aago yín yẹn," Bàbá Aago wí, "ẹ ṣáà gbé e wá. Ó fi ìṣẹ́jú mẹ́rin pẹ́ lẹ́yìn. Ó ti ń ṣe é láti bí oṣù kan."

"Ìṣẹ́jú mẹ́rin?"

"Mẹ́rin géérégé."

Bàbá mi ronú. Mo rí i lẹ́yìn ọrùn wọn pé ọ̀rọ̀ náà ń wọlé. "Ó túmọ̀ sí pé ní gbogbo ìgbà tí mo rò pé mo tètè jáde..."

"Ẹ ti pẹ́."

"Yéè. Ẹ má bínú, Bàbá Aago."

"Kí lẹ sọ! Èmi ni kí ẹ má bínú sí. Ẹnu mi mú jù." Wọ́n fa jígí kékeré yọ látinú àpò, wọ́n há a sójú, wọ́n ṣí ẹ̀yìn aago náà níbẹ̀ nínú òbìrí, wọ́n sì wò ó sàn kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá wọn tó pé.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, aago méje gan-an ni Bàbá mi jáde. Ìṣẹ́jú mẹ́ta lẹ́yìn náà, Bàbá Aago wọlé. Ọ̀nà mọ́ tónítóní. Àǹtí gbé ọwọ́ òsì sókè fún afẹ́fẹ́, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. Ọjọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Búrẹ́dì wọn ku ìdajì. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n fi fèrè kọ́ ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n jókòó sórí àga, wọ́n sì kọjú sí ògiri. Lọ́sàn-án, mo rí ẹyẹ mẹ́fà lẹ́yìnkùlé tí wọ́n ń jà lórí búrẹ́dì.

Màmá mi pe àwọn ọkùnrin méjèèjì sí ilé ìdáná, wọ́n ti ilẹ̀kùn.

"Ta ló rán yín níṣẹ́ àlàáfíà?"

"Ìyàwó mi," Bàbá mi wí, "ṣebí ìjà kì í dára..."

"Mo ní ta ló rán yín níṣẹ́! Ẹ̀ ń rí ẹ̀gbọ́n yín tó ń yọ́ lọ bí yìnyín, ẹ wá lọ dúró sínú òbìrí, ẹ ń bára yín ṣọ̀rẹ́. Ojú ò tì yín, àgbà méjì! Bàbá Aago, ẹ gba aago yẹn, ẹ bà á jẹ́ padà."

Bàbá Aago gbá aago náà mọ́ àyà. "Màmá, ẹ ní kí n ṣe ohun mìíràn. Láti ọjọ́ tí mo ti gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ọ̀gá mi, ọwọ́ mi ò ba aago jẹ́ rí."

"Ẹ má bà á jẹ́ nígbà náà. Ọkọ mi á mọ̀ọ́mọ̀ pẹ́. Ẹ ṣáà jà. Ẹ jà níbí kí n gbọ́."

Àwọn méjèèjì kọjú sí ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù.

"Ẹ̀yin... ẹ̀yin ènìyàn tí inú mi ò dùn sí yìí," Bàbá Aago wí. "Ẹ kú ìrójú o."

"Ta ló ń kí ènìyàn kú ìrójú nínú èébú!" Màmá mi pariwo. "Ọkọ mi, ẹ fún un lésì!"

Bàbá mi húkọ́. "Bàbá Aago, ẹ... ilẹ̀kùn yín ò ké mọ́, àbí?"

"Kò ké mọ́, ẹ ṣeun gan-an."

Màmá mi káwọ́ lérí. Lẹ́yìn náà, wọ́n yíjú sí mi níbi tí mo sá pamọ́ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù. "Ìwọ. Ọdún wo ni o ti ń jókòó lójú fèrèsé, tí ò ń gbọ́ gbogbo ohun tí àwọn àgbà ń sọ? Wá, kọ èébú fún wọn."

Bí mo ṣe di akọ̀wé èébú nìyẹn, èmi tí n kò lè sọ fún ẹni tó tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ pé kó gbé ẹsẹ̀. Mo kọ ọ́ sórí ìwé pélébé, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí wọ́n ti ń wo epo ọkọ̀. Fún Bàbá mi: "Ẹni tó ń ka ìṣẹ́jú bí ahun ń ka iyọ̀!" Fún Bàbá Aago: "Káfíńtà tó kan àga, tí àga fúnra rẹ̀ ò lè jókòó!" Ó ṣiṣẹ́. Fèrè kúrò lórí ìṣó. Búrẹ́dì padà di mẹ́rin. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni nǹkan fẹ́ bàjẹ́, nígbà tí mo pín ìwé náà ní òdìkejì, tí Bàbá mi sì yọ orí síta, tí wọ́n fi gbogbo agbára pariwo lé Bàbá Aago lórí pé, "Káfíńtà tó kan àga, tí àga fúnra rẹ̀ ò lè jókòó!"

Àǹtí wò wọ́n. "Ta lò ń bú?"

Bàbá mi tún ìwé náà kà. "Ara mi ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ẹ̀sùn tuntun," Àǹtí sọ fún mi. "Kọ ọ́: bíbú ara ẹni lójú títì."

A ṣe báyìí fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ẹ̀yìn náà ni ọjọ́ Àìkú kan dé. Ọkọ̀ pupa ti wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì láti ọjọ́ Àbámẹ́ta. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú yẹn, ọkọ̀ akẹ́rù Bàbá mi ti èéfín dúdú jáde lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́. Mẹkáníìkì fà á lọ. Ó ní ọ̀sẹ̀ méjì, ó kéré tán.

Àǹtí sùn lọ́sàn-án náà, wọn ò rí i. Màmá mi wo Bàbá mi. Bàbá mi gba ojú fèrèsé wo Bàbá Aago. 

Ní aago mẹ́fà ààbọ̀ ọjọ́ Ajé, Àǹtí wà lórí ìlà ẹfun, ìbọ̀wọ́ wọn funfun báláú. Aago méje lù lára ògiri. Ìṣẹ́jú kan. Méjì. Mẹ́ta.

Bàbá mi yọ láti ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n gbé férémù fèrèsé kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn kọ́ iwájú ojú wọn, jígí ti wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ń wo ọ̀nà láti inú rẹ̀ pẹ̀lú ojú líle. Wọ́n di pákó mẹ́ta mọ́ ẹ̀yìn. Wọ́n ń rìn díẹ̀díẹ̀, ẹnu wọn ń dún *hùn-ùn-ùn* bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Láti géètì, Bàbá Aago wọlé. Aago ògiri kan tó rí rìbìtì ló wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń yí i sọ́tùn-ún, wọ́n ń yí i sósì. Ìyàwó wọn ń bọ̀ lẹ́yìn wọn, wọ́n fi ọwọ́ di bẹ́líìtì ọkọ wọn mú, ojú wọn dì, wọ́n ń sùn lórí ìrìn bí wọ́n ṣe máa ń sùn nínú ọkọ̀.

Wọ́n pàdé láàárín ọ̀nà. Férémù fẹ́rẹ̀ẹ́ kan aago.

"Ẹni tó ń ka ìṣẹ́jú!" Bàbá mi wí.

"Àga ò lè jókòó," Bàbá Aago fèsì. Wọ́n ti gbàgbé ìyókù.

Àwọn ènìyàn ti ń dúró lójú títì. Olùpín lẹ́tà sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Àwọn ọmọ iléèwé dúró tò. Àǹtí Fèrè wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì. Fèrè wà lẹ́nu wọn, kò dún.

"Ta ló kọ́kọ́ tẹ họ́ọ̀nù?" wọ́n béèrè.

Ìbéèrè yẹn ló máa ń bẹ̀rẹ̀ ojú ewé mi lójoojúmọ́. Kò sí ìgbà kan tí kò ní èsì. Bàbá mi la ẹnu nínú férémù, ẹnu ò mú ohùn jáde. Ojú ti ti wọ́n, àwọn ọmọ iléèwé ti ń rẹ́rìn-ín. Bàbá Aago wo aago tó wà lọ́wọ́ wọn bí ẹni pé họ́ọ̀nù wà níbẹ̀.

Àǹtí dúró dè wọ́n. Lẹ́yìn náà, wọ́n mú fèrè kúrò lẹ́nu. Wọ́n gbé ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìbọ̀wọ́ ọwọ́ òsì yọ, ìka kan lẹ́yìn ìka kan. Ìka kékeré. Ìka òrùka. Mo rí ọwọ́ tó ń yọ síta lábẹ́ rẹ̀, ọwọ́ arúgbó, ọwọ́ tó ń lọ padà sórí itan. Ní ìka àárín, n kò mọ ohun tó gbé mi dìde.

"Píìììììììn!"

Èmi ni. Mo ti ṣí fèrèsé, mo ti yọ dé ìbàdí síta. Gbogbo títì yíjú sí mi. Mo tún fà á:

"Píìn! Píìn! Píìììììììn!"

Ajá kan gbó nílé kẹta. Ìyàwó Bàbá Aago jí, wọ́n ní, "Ṣé a ti délé ni?"

Àǹtí Fèrè gbójú sókè wò mí. Wọ́n wò mí pẹ́. Ojú wọn ò sọ nǹkan kan fún mi, mo sì mọ ojú kà láti kékeré. Wọ́n padà wo férémù, wọ́n wo aago rìbìtì, wọ́n wo pákó mẹ́ta.

"Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi dúró ní oríta," wọ́n ní fún àwọn ènìyàn tó wà lójú títì. "Tí mo bá rí ọkọ̀, mo mọ̀ ọ́n."

Wọ́n ti ìka wọn padà sínú ìbọ̀wọ́, ìka àárín, ìka òrùka, ìka kékeré. Wọ́n gbé fèrè sẹ́nu.

Fííììììì!

"Ìwọ ọlọ́kọ̀ ewé! Ẹrù rẹ yọ síta jù, kò sì sí aṣọ pupa lẹ́yìn rẹ̀! Padà sẹ́yìn! Ìwọ ọlọ́kọ̀ pupa! Èrò tó ń sùn kò gbọdọ̀ di awakọ̀ mú! Ẹ̀yin ẹlẹ́sẹ̀ lójú títì yẹn, ẹ kúrò lẹ́nu géètì, ẹ ń dí oríta!"

Bàbá mi fà sẹ́yìn, wọ́n ń dún *tín-ìn, tín-ìn, tín-ìn*. Bàbá Aago yí aago wọn sósì pátápátá, wọ́n kọjá, ìyàwó wọn tẹ̀lé wọn. Àwọn ọmọ iléèwé pàtẹ́wọ́. Olùpín lẹ́tà na ọwọ́ òsì síta kó tó yí kẹ̀kẹ́ padà.

Àǹtí wá sábẹ́ fèrèsé mi.

"Họ́ọ̀nù yẹn ti pọ̀ jù fún àdúgbò tí ènìyàn ń gbé," wọ́n ní. "Kọ ọ́ sílẹ̀. Kọ orúkọ ara rẹ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

Mo kọ ọ́. Mo sì jáde lọ sínú òbìrí, níbi tí Bàbá mi àti Bàbá Aago ti wà. Àyè ò gbà wá. Ẹsẹ̀ mi kan wà níta. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń kí wa, mo sì ń dá wọn lóhùn, nítorí kò sí ilẹ̀kùn tí mo lè sá sí ìdí rẹ̀.

"Mẹkáníìkì ní ọ̀sẹ̀ méjì," Bàbá Aago sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Màá lọ bẹ̀ ẹ́," Bàbá mi dáhùn, "kó má yára."

Ilẹ̀kùn ìdáná ṣí. Àǹtí Fèrè ń bọ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn kan yọ gbàǹgbà fún búrẹ́dì, bọ́tà wà létí ẹnu wọn, ẹfun wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́sẹ̀ wa, wọ́n pa apá kan òbìrí náà rẹ́, wọ́n sì fa ìlà tuntun tó yí ẹsẹ̀ mi ká.

"Ẹ sún," wọ́n ní, wọ́n ń jẹnu. "Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ ni ọ̀nà."